Ẹ̀bẹ̀ tí Wọ́n Kà sí Ìjẹ́wọ́ nínú Ìdíje Káàdì

Ẹnikẹ́ni tó bá ṣí ojú ìwé ìdíje náà lórí ayélujára lónìí yóò rí i pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé obìnrin kan gba ipò kìíní, pé wọ́n sì gba ipò náà padà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó ṣe èrú. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí obìnrin náà gba ipò yẹn. Mo wà níbẹ̀ pẹ̀lú nígbà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mo rí kò bá ohun tí wọ́n kọ mu, nítorí náà ni mo ṣe ń kọ tèmi.

Ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá ni ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí mo ń bá ṣiṣẹ́ gbé mi wá sí Port Harcourt. Mo rò pé n ó lo ọdún díẹ̀ kí n padà sílé. Dípò bẹ́ẹ̀, mo ra ilẹ̀ ní Eneka nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ oko ẹ̀gẹ́, mo kọ́lé síbẹ̀, ìlú sì wá bá mi níbẹ̀. Àwọn Yorùbá bíi mélòó kan wà ládùúgbò wa. Ọ̀kan jẹ́ àgbàlagbà tó fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, Bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Èkejì ni ìyàwó ọlọ́pàá kan, tí ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan tí kò jìnnà síbẹ̀. Tíṣà ni à ń pè é. Òun ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Láti ọwọ́ àwọn ọmọ wa ni eré káàdì orí fóònù náà ti dé ọwọ́ wa, nígbà tí àrùn ti gbogbo ayé mọ́lé. Àwọn ọmọ ń fi Píjìn kọ́ wa, àwa ń fi Yorùbá bi wọ́n léèrè. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, àwọn ọmọ padà sí ilé ìwé, àwa àgbà ni kò fi eré náà sílẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé, a óò pàdé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá, nítorí pé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kì í dákẹ́ lójijì. Ọ̀dọ́kùnrin kan pẹ̀lú a máa wá bá wa láti ọjà Oil Mill, níbi tí ó ti ń ta ìbòrí fóònù àti okùn tí a fi ń gba iná sí i. Port Harcourt ni wọ́n bí i sí. Yorùbá rẹ̀ kò jinlẹ̀, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ní ìkíni dáadáa, kò sì sí ẹni tó ń kí àgbà tó o nínú gbogbo wa.

Eré náà kò ṣòroó ṣàlàyé. Olúkúlùkù ní ilé kan lójú fóònù tó gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Ọ̀nà méjì wà láàrin ilé rẹ̀ àti ilé alátakò. Káàdì ni ọmọ ogun: òmíràn jẹ́ jagunjagun, òmíràn jẹ́ tafàtafà, òmíràn jẹ́ iná tí í jó gbogbo ohun tó bá bá níwájú. Díẹ̀díẹ̀ ni èèyàn ń kó káàdì jọ. Eré a máa fún ni ní díẹ̀, àwọn tó lówó a sì máa ra èyí tó lágbára. Kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀, oníkálukú a ṣa ìwọ̀nba tí yóò lò nínú gbogbo ohun tó ní, kò sì ní jẹ́ kí ẹnì kejì rí i. Bí ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀, agbára a máa kún bí omi tí ń kán sínú garawa, káàdì kọ̀ọ̀kan sì ní ìwọ̀n agbára tí yóò mu. Ẹni tó bá wó ilé ẹnì kejì ló borí. Bí àsìkò bá tán tí ilé kankan kò wó, ẹni tí ilé rẹ̀ bá bàjẹ́ jù ni ó pàdánù.

Orí òfin tó kẹ́yìn yìí ni Tíṣà gbé gbogbo ìjà rẹ̀ kà.

Àwa yòókù a máa sáré jáde. Bí agbára bá ti kún díẹ̀, a ti ná an. Tíṣà kì í sáré. Káàdì rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ẹnikẹ́ni ní, a sì máa ń pè é ní káàdì mẹ̀kúnnù: alásà, odi, oníwòsàn, irà tí í fa ọ̀tá lẹ́sẹ̀, òjò tí í pa iná. Yóò jókòó, yóò máa wo ojú fóònù bí ẹni ń wo ìkòkò tó wà lórí iná. Bí alátakò bá rán jagunjagun ńlá, kò ní rán ńlá sí i. Yóò jẹ́ kó rìn wọlé, yóò fi irà kékeré kan sójú ọ̀nà, jagunjagun náà a sì dúró síbi tí àwọn tafàtafà ilé rẹ̀ ti lè ta á láti ọ̀tún àti òsì. Ohun tó mu agbára púpọ̀ lọ́wọ́ ẹnì kejì, ohun tó mu díẹ̀ ni òun fi ń dá a lóhùn. Bí èyí bá ti ṣẹlẹ̀ bíi mélòó kan, garawa ẹnì kejì á gbẹ, tirẹ̀ á kún. Nígbà náà ni yóò rán tafàtafà kan ṣoṣo jáde, yóò ha ògiri alátakò díẹ̀, yóò sì padà sínú ilé.

Ó máa ń kọ́ wa, a kì í sì í gbà.

“Ẹ má dá a lóhùn ní kíá. Ẹ jẹ́ kó ná an.”

“Títí dìgbà wo?” Bàbá a béèrè.

“Títí yóò fi tán lọ́wọ́ rẹ̀, Bàbá. Ẹ má sì ná gbogbo tiyín. Ẹ fi ọ̀kan pamọ́ sọ́wọ́ de ohun tí ẹ kò tíì rí.”

“Ohun tí mi ò rí, báwo ni n ó ṣe dè é?”

“Ẹ ò rí òjò tí ń bọ̀ lọ́la, ẹ̀yin ṣáà ní agbòjò nílé.”

Ọ̀dọ́kùnrin náà ni ó máa ń bá a jà jù, òun náà ni ó sì máa ń pàdánù jù.

“Mummy, ẹ tún ti wọlé, ẹ ti ti ilẹ̀kùn.”

“Ìwọ ṣáà máa kànkùn.”

“Ọwọ́ ti ń dùn mí o.”

“Èmi ni mo wà lórí ìjókòó. Kò síbi tó ń dùn mí.”

Àṣà kan wà láàrin wa tí n kò rí níbòmíràn, ó sì yẹ kí n ṣàlàyé rẹ̀, nítorí òun ni wọ́n fi kan obìnrin náà lẹ́sùn. Ní ọjọ́ kan, Bàbá ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀dọ́kùnrin náà, tó jókòó sí ìsọ̀ rẹ̀ ní Oil Mill, gba orí fóònù kọlu ilé rẹ̀. Kí Bàbá tó fọwọ́, ilé ti wó. Nígbà tí a pàdé, inú Bàbá kò dùn rárá.

“Mo ń jẹun, o wọlé tọ̀ mí láìkágò!”

“Bàbá, ẹ má bínú. Na géèmù.”

“Bó jẹ́ géèmù, bó jẹ́ ogun, ṣé ilé mi kọ́ ni? Bí wọ́n ṣe ń wọ ilé àgbà ní Oil Mill nìyẹn?”

A rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ náà ni ó fi lélẹ̀ pé ọmọdé kò gbọdọ̀ kọlu ilé àgbà láìkágò. Ọmọdé á ní, “Àgò o.” Àgbà á dáhùn pé, “Àgò yà.” Ó sì fi èkejì lé e fúnra rẹ̀: bí àgbà bá ti dáhùn, kó gbé ọwọ́ kúrò lórí fóònù títí ìjà yóò fi bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kò bójú mu kí onílé gba àlejò wọlé tán kó tún máa sáré tún ilẹ̀kùn ṣe. Ìyẹn ni pé ẹni tí a kágò fún kò lè pààrọ̀ káàdì mọ́. Ẹni tó kágò ṣì lè pààrọ̀ tirẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá jèrè nínú àṣà yìí, kì í ṣe onílé. Mo bẹ òǹkàwé kó fi èyí sọ́kàn.

Nígbà tí a gbọ́ pé àwọn kan fẹ́ ṣe ìdíje eré náà fún gbogbo ìlú, nínú gbọ̀ngàn kan lọ́nà Rumuolumeni, ọ̀dọ́kùnrin náà ló fi orúkọ Tíṣà sílẹ̀ pọ̀ mọ́ tirẹ̀. Ọlọ́pàá, ọkọ rẹ̀, kò rí i bí ohun bàbàrà. Ó ní kó lọ gbafẹ́ díẹ̀. Bàbá àti èmi tẹ̀ lé wọn gẹ́gẹ́ bí òǹwòran.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga ni ó pọ̀ jù nínú gbọ̀ngàn náà. Wọ́n gbé ojú ìwòran ńlá kan sí iwájú kí gbogbo èèyàn lè rí ìjà. Wọ́n lẹ òfin ìdíje mọ́ ara ògiri lẹ́nu ọ̀nà, mo sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, nítorí pé iṣẹ́ mi ti kọ́ mi láti máa ka irú rẹ̀. Kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ nípa èdè tí èèyàn lè sọ tàbí ìkíni tí èèyàn lè kí.

Kò pẹ́ tí àwọn òǹwòran fi mọ Tíṣà, wọn kò sì fẹ́ràn ìjà rẹ̀. Ìkọlù ni wọ́n wá wò. Nígbà kọ̀ọ̀kan tó bá ti jókòó tí kò ṣe nǹkan kan, ariwo á sọ.

“Madam, attack na!”

“Who bring landlady come here?”

“She dey wait for rent!”

Tíṣà kò wo ẹ̀yìn. Ó ń borí, ó ń lọ. Ní ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, ó pàdé géńdé kan tí gbogbo gbọ̀ngàn mọ̀, tí káàdì rẹ̀ ń tàn bíi wúrà. Ẹgbẹ́ eré kan ni géńdé náà ń ṣojú fún. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó jẹ́ ìgbìmọ̀ ìdíje ni ó ni ẹgbẹ́ náà. Ẹni tó jókòó tì mí ló sọ fún mi, kò sì sọ ọ́ bí àṣírí. Gbogbo wọn ló mọ̀.

Géńdé náà fi gbogbo agbára kọlu Tíṣà. Ó rán iná, Tíṣà kò dá a lóhùn, ó jẹ́ kí ògiri rẹ̀ jó díẹ̀. Ó rán akọni ẹlẹ́ṣin, Tíṣà fi irà dá a dúró. Ó tún rán òmíràn, oníwòsàn àti alásà ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí agbára géńdé náà gbẹ, tafàtafà kan jáde láti ilé Tíṣà, ó ha ògiri rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ṣe tán. Àsìkò tán. Ilé méjèèjì dúró, ṣùgbọ́n ti géńdé náà ni ó bàjẹ́ jù. Ó dìde láìbọ Tíṣà lọ́wọ́.

Ní apá kejì, ọ̀dọ́kùnrin wa náà ti borí gbogbo alátakò rẹ̀. Báyìí ni àwọn méjì láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà ṣe pàdé ní àṣekágbá.

Ọ̀dọ́kùnrin náà rìn wá síwájú, ó ṣí fìlà. Ojú ìwòran ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn ń wò ó, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí símẹ́ǹtì.

“Àgò o, Mummy.”

“Àgò yà, ọmọ mi. Máa wọlé.”

Tíṣà gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì, ó sì gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan. Àwọn òǹwòran pariwo ẹ̀rín. Ẹnìkan kígbe pé, “Na fight or na wedding?” Rẹfirí pẹ̀lú rẹ́rìn-ín. Kò dá wọn dúró, kò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀.

Ìjà náà dára. Ọ̀dọ́kùnrin náà ti mọ ìwà Tíṣà, kò sì ná agbára rẹ̀ ní ìnákúnàá. Ó ń dúró, Tíṣà ń dúró. Àwọn òǹwòran ń bú wọn. Nígbà tó kù díẹ̀ kí àsìkò tán, ó ju iná ńlá kan jáde tí a kò rí lọ́wọ́ rẹ̀ rí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá. Kò tíì pẹ́ tí eré fún un ní káàdì náà, ó sì fi pamọ́ fún wa. Iná náà kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí òjò fi rọ̀ lé e láti ọwọ́ Tíṣà. Iná kú. Ọ̀dọ́kùnrin náà gbá orí ara rẹ̀ mú, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Mummy! Ẹ̀yin náà sá!”

Àsìkò tán, Tíṣà borí. Wọ́n fún un ní ife, ó gbé e dání bí ẹni tí kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

Géńdé tó pàdánù níṣàájú ni ó dìde lọ bá ìgbìmọ̀. N kò jìnnà sí wọn.

“How she take know say fire dey come?” ló ń bi wọ́n. “The boy never use am before. Dem don talk am for their language, for our front!”

Alága ìgbìmọ̀ pe àwọn méjèèjì sí ìdí tábìlì.

“Wetin you tell this woman?”

“I greet am, sir.”

“Greet? For inside battle?”

“She be my mama mate, sir. I no fit just enter.”

Àwọn tó dúró yí wọn ká tún rẹ́rìn-ín. Mo lọ sídìí tábìlì, mo béèrè òfin tí wọ́n rú. Mo ní kí wọ́n fi hàn mí lára ògiri. Alága ní, “Oga, calm down, we dey check.” Mo ṣàlàyé pé obìnrin náà máa ń fi káàdì kan pamọ́ ní gbogbo ìjà de ohun tí kò rí, pé wọ́n lè wo ìjà rẹ̀ àtẹ̀yìnwá láti rí i, pé òjò tó fi pa iná yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti àárọ̀. Ẹni tó ni ẹgbẹ́ eré náà sọ pé ẹlẹ́jọ́ ni kó sọ̀rọ̀. Ohùn ń lọ sókè. Ẹnìkan ti ń pariwo “Ojoro! Ojoro!” láti ẹ̀yìn, àwọn yòókù sì ń gbè é.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn tí Bàbá fi gba àárín èrò kọjá.

“Ìyàwó wa, kúnlẹ̀. Bẹ̀ wọ́n.”

Tíṣà wò ó. “Bàbá, kí ni mo ṣe?”

“Mo ní o ṣe nǹkan kan ni? Kúnlẹ̀ kí inú wọn rọ̀. Bí inú wọn bá rọ̀ tán, a óò wá sọ̀rọ̀.”

Tíṣà kúnlẹ̀. Ó ní, “Abeg sir, make una no vex.”

Ẹni tó bá jẹ́ Yorùbá mọ ohun tí Bàbá ń ṣe. Láàrin wa, ẹ̀bẹ̀ kì í dúró de ẹ̀bi. Ìyàwó ilé a máa bẹ ìyá ọkọ fún ohun tí kò mọ̀dí. Ẹni tí ọkọ̀ fara ha a máa bẹ awakọ̀ tí ń pariwo lé e lórí, kí ariwo náà lè rọlẹ̀. Omi ni ẹ̀bẹ̀, a kọ́kọ́ ń bù ú sórí ìbínú, lẹ́yìn náà ni a óò wá béèrè ohun tó jó. Bàbá ti fi iṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù rin gbogbo ẹnubodè orílẹ̀-èdè yìí, síbẹ̀ kò wá sí i lọ́kàn pé tábìlì tó wà níwájú rẹ̀ kì í ṣe tàwọn tó mọ àṣà yẹn.

Alága wo Tíṣà lórí eékún, ó yíjú sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

“You see am? She don beg.”

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Wọ́n gba ife lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n lé ọ̀dọ́kùnrin náà kúrò nínú ìdíje pẹ̀lú rẹ̀, ipò kìíní sì bọ́ sọ́wọ́ géńdé tí Tíṣà ti nà. Ní ọjọ́ kejì, wọ́n gbé e sórí ayélujára pé obìnrin náà ṣe èrú, pé nígbà tí wọ́n bi í, ó kúnlẹ̀, ó jẹ́wọ́ pé òun àti alátakò òun fi èdè ìkọ̀kọ̀ pàdí àpò pọ̀, ó sì tọrọ àforíjì. Lójú ìwé mìíràn, wọ́n fi òfin tuntun kan kún òfin ìdíje: ẹnikẹ́ni tó bá sọ èdè tí rẹfirí kò gbọ́ yóò pàdánù. Òfin tí kò sí lára ògiri nígbà tí a wọlé ni wọ́n fi dá ẹjọ́ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ kọjá. Bí a bá ṣe èyí níbi iṣẹ́ tí mo ti lo ìgbésí ayé mi, ìwé ìbéèrè ẹ̀sùn ì bá ti dé orí tábìlì ẹni tó ṣe é.

Ó lè dà bí eré lásán lójú ẹni tó ń kà á. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún Tíṣà. Àwọn òbí àwọn ọmọ tó ń kọ́ ní fóònù lọ́wọ́, wọ́n sì ti kà á. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọmọ kan ti na ọwọ́ sókè nínú kíláàsì bi í pé, “Aunty, you do ojoro?” Ọ̀gá ilé ìwé pè é sí ọ́fíìsì, ó fi ojú ìwé náà hàn án, ó sì sọ fún un pẹ̀lú sùúrù pé òun kò lè jẹ́ kí ó máa ṣọ́ ìdánwò àwọn ọmọ títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi yanjú. Ó ní àwọn òbí ti ń béèrè. Tíṣà kò jà. Ó jókòó sí yàrá olùkọ́ nígbà tí ẹlòmíràn ń ṣọ́ kíláàsì rẹ̀. Kò wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá mọ́.

“Ó jẹ́wọ́ ni wọ́n kọ,” ló sọ fún mi nígbà tí mo lọ kí i. “Ẹ̀gbọ́n, èwo ni mo jẹ́wọ́ níbẹ̀?”

Mo kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ náà, mo sì tún kọ. Nígbà tí wọn kò fèsì, mo lọ bá wọn. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà láti jókòó pẹ̀lú wa. Nínú gbọ̀ngàn kan náà ni, lọ́sàn-án, àga òfìfo ló yí wa ká. Àwọn mẹ́ta jókòó sí apá kan. Tíṣà, ọ̀dọ́kùnrin náà, Bàbá àti èmi jókòó sí apá kejì. Ọ̀dọ́kùnrin náà mú fídíò tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ká nígbà àṣekágbá wá. Gbogbo wa wò ó. Ọwọ́ Tíṣà hàn kedere lórí itan láti ìgbà tó ti dáhùn àgò títí rẹfirí fi ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Kò fọwọ́ kan fóònù.

“Her hand dey clean,” ni ọ̀kan nínú wọn sọ. “But we no know wetin dem talk.”

Mo ní kí wọ́n pe Yorùbá èyíkéyìí tó bá wù wọ́n. Ìlú yìí kún fún wọn: ọlọ́pàá, sójà, òṣìṣẹ́ ìjọba. Kí wọ́n yan ẹni tí a kò mọ̀ rí, kó gbọ́ fídíò náà, kó sọ ohun tó gbọ́. Alága mi orí. Ó ní ọ̀kan náà ni gbogbo wa. Mo bi í léèrè ọjọ́ tí wọ́n ṣe òfin nípa èdè. Ó ní, “Oga, rule na rule.” Mo wá béèrè ẹni tó ni ẹgbẹ́ eré tí olúborí tuntun ń ṣojú fún. Ẹni tó ni ín bẹ̀rẹ̀ sí í wo fóònù rẹ̀. Àwọn àgbà ní agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn wọ̀nyí gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kejì tán, kò sì yí nǹkan kan padà.

Lẹ́yìn èyí ni alága mú àbá kan wá. Inú rẹ̀ dùn sí i, ó hàn. Ó ní àwọn kì í ṣe ìkà. Kí madam kúnlẹ̀ bó ṣe kúnlẹ̀ lọ́jọ́sí, kó bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i níwájú fóònù, àwọn á ká a, àwọn á gbé e sórí ayélujára, àwọn á sì dárí jì í. Yóò lè kópa nínú ìdíje tí ń bọ̀.

“Ó tán nìyẹn,” Bàbá wí. Ó mí kanlẹ̀. “Ìyàwó wa, fún wọn lóhun tí wọ́n fẹ́, kí a máa lọ sílé. Ẹnu lásán ni.”

Tíṣà dìde dúró. Mo rò pé ó fẹ́ kúnlẹ̀, Bàbá náà rò bẹ́ẹ̀, ó tilẹ̀ fa àga sẹ́yìn fún un kí àyè lè gbà á. Kò kúnlẹ̀.

“Bàbá, ẹni tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi ni kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. N kò mọ tèmi lẹ́bi. Ẹ ní kí n bẹ̀ wọ́n lọ́jọ́ yẹn, mo bẹ̀ wọ́n nítorí yín. Ẹ dákun, ẹ má tún ní kí n ṣe é.”

Bàbá fa àga náà padà síwájú.

Tíṣà yíjú sí alága, ó fi Píjìn bá a sọ̀rọ̀, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe ń bá àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ sọ̀rọ̀.

“I beg una that day because una dey vex. I no beg because I do anything. If una wan keep the cup, make una keep am. If una wan write say I do ojoro, na una hand. But the place wey una write say I confess, comot am. I no confess.”

“If we comot that one, you go go house?”

“I go go.”

Mo sọ pé èyí kò tó, pé ìdájọ́ gan-an ni kí wọ́n yí padà. Tíṣà gbé ọwọ́ lé apá mi. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó ṣe é.”

Alága gbé fóònù, ó tẹ̀ ẹ́ níwájú wa. Ó hàn pé ohun tí obìnrin náà béèrè kéré lójú rẹ̀. Ó fi hàn án: gbólóhùn ìjẹ́wọ́ ti kúrò, ìkúnlẹ̀ ti kúrò, àforíjì ti kúrò. Ó wá béèrè bóyá ó tẹ́ ẹ lọ́rùn. Tíṣà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó mú àpò rẹ̀, a sì jáde.

Ọkọ̀ mi ni gbogbo wa wọ̀, a sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Eneka. Nígbà náà ni Bàbá wí láìwo ẹnikẹ́ni pé, “Èmi ni mo fi í sórí eékún.” Tíṣà ní, “Ó ti tán, Bàbá.” Ọ̀dọ́kùnrin náà ní kí a já òun sílẹ̀ ní oríta.

Nígbà tí ilé ìwé wọlé, Tíṣà gbé ojú ìwé náà fún ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà kà á, ó tún un kà, ó yí i sókè yí i sísàlẹ̀ bí ẹni ń wá ohun tó sọnù.

“So what exactly did they say you did?”

“Ẹ bi wọ́n, mà,” ni Tíṣà sọ.

Ọ̀gá ilé ìwé dá a padà sí kíláàsì ìdánwò. Géńdé náà ṣì ni olúborí, ife ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tó ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣì wà nínú ìgbìmọ̀. Ìdájọ́ náà kò kúrò lórí ayélujára, ẹnikẹ́ni lè lọ kà á. Wọ́n ní obìnrin náà ṣe èrú. Wọn kò sọ èrú tó ṣe, wọn kò sọ ẹni tó rí i, wọn kò sọ òfin tó rú. Ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ẹ̀rí tí wọ́n ní, ó sì ti gbà á padà lọ́wọ́ wọn.